Ọwọ́ Wa La Fi Ti Èbúté Náà

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ọmọ ọmọ mi obìnrin fa ìkòkò òrí kan jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi, ó ṣí i, ó sì fi ọwọ́ bo imú. Ó ní, "Màmá, òrí yìí ti bàjẹ́, ẹ jẹ́ kí n lọ dà á nù." Mo ní kó gbé e wá ná. Òótọ́ ló sọ. Òrí náà ti kan, ó ń rùn bí ewúrẹ́ tí òjò pa. Ṣùgbọ́n bí òórùn yẹn ṣe wọ imú mi, n kò sí nínú yàrá mọ́. Mo ti di ọmọ ọdún mẹ́wàá, mo wà lórí ìkúnlẹ̀ lórí pákó, mo ń fi àkísà tí a rì bọ òrí kíkan nu igi, odò Òfìkì ń ṣàn lábẹ́ mi, ọ̀rẹ́ mi Sàfúrátù sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ń bá mi jà pé n kò nu apá tèmi dáadáa.

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, bí a bá pe èbúté, Èkó ló ń wá sí yín lọ́kàn. Ẹ lè má gbà pé àwa ará ilẹ̀ ọ̀dàn, tí a mọ iṣu àti ọkà bàbà ju omi lọ, ní èbúté tiwa. A ní in. Abúlé wa kò ju ìrìn òwúrọ̀ kan lọ sí Òkàká, odò sì wà ní ẹ̀yìn rẹ̀. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, omi náà a fà títí àwọn màlúù yóò fi máa là á kọjá láìjẹ́ pé ó kan wọ́n níkùn. Ṣùgbọ́n bí òjò bá ti fìdí múlẹ̀, odò a fẹ̀, a pọ́n bí ilẹ̀pa tí a pò, etí rẹ̀ a sì di ẹrẹ̀ tó ń gbé bàtà mì, tó ń gbé àgbàlagbà dé orúnkún. Nítorí ẹrẹ̀ yìí ni àwọn baba ńlá wa ṣe kó òkúta sétí odò, tí wọ́n tò ó bí ògiri, tí wọ́n sì ri òpó igi ayìn mọ́ inú omi ní méjì méjì, láti ibi òkúta náà títí dé ibi tí omi ti jìn tó fún ọkọ̀. Orí àwọn òpó yìí ni wọ́n tẹ́ pákó sí.

Ayìn kì í ṣe igi yẹpẹrẹ. Ikán kì í fẹ́ràn rẹ̀, omi pàápàá máa ń bọ̀wọ̀ fún un. Pákó ni kì í pẹ́. Ìdí nìyẹn tí ilé kọ̀ọ̀kan fi ní pákó tirẹ̀, tí ó bá gbó, ilé náà ni yóò pààrọ̀ rẹ̀. Kò sí ẹni tó kọ ọ́ síwèé. Àwa ọmọdé fi àtẹ́lẹsẹ̀ mọ̀ wọ́n ni. Pákó ilé alápatà máa ń tutù. Pákó ilé aláró ní kókó kan tó máa ń gún ènìyàn. Èyí tó ń dún jù nínú gbogbo wọn ni pákó ilé baálẹ̀, a sì máa ń sọ lábẹ́lẹ̀ pé bí onílé ti rí ni igi rẹ̀ rí. Bí ènìyàn bá kà á láti ibi òkúta, tiwa ni ìkọkànlá. Bí òjò bá ti ń ṣú bọ̀ lọ́dọọdún, àwọn ìyá wa a kó òrí tó ti kan, tí ẹnu kò lè jẹ mọ́, wọn a fi í nu gbogbo pákó náà kí omi má baà rí wọn mú.

Bàbá Sàfúrátù ni atúkọ̀. Ọkùnrin gígùn, tẹ́ẹ́rẹ́, tí ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ kò pọ̀. Òun ló ń gbé àwọn oníṣu tó wá láti Kòmú àti àwọn oníṣòwò tó wá láti Ìlúà kọjá, àwọn àti ẹrù wọn, àti àwọn ewúrẹ́ wọn tí kì í fẹ́ wọ ọkọ̀. Kó tó ki ọ̀pá bọ omi, a ṣe Bísímílláì, a sì wo ojú àwọn tó wà nínú ọkọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá rí i pé ẹ̀rù ń bà, a ní kó wá jókòó sí àárín, a wá máa bi í léèrè iye ebè tó kọ lọ́dún náà. Kí ẹni yẹn tó dáhùn tán, wọ́n ti gúnlẹ̀.

Sàfúrátù kò jọ bàbá rẹ̀ ní ti ọ̀rọ̀ sísọ. Ó lè sọ̀rọ̀ láti àárọ̀ títí omi yóò fi sú u. Ilé kéú ló ń lọ, èmi ń lọ sí ilé ìwé ìjọba, orí èbúté la ti ń pàdé bí àwa méjèèjì bá jáde. Ó ń fi èédú kọ álífù àti bá sórí pákó fún mi, èmi náà ń kọ A àti B sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, a ó wá bomi nù ún kí bàbá rẹ̀ tó dé. Eré tí a fẹ́ràn jù ni ká máa fò láti orí pákó kan sí èkejì, ká máa dárúkọ ilé tó ni ín: ilé alápatà, ilé aláró, ilé baálẹ̀. Ẹni tó bá ṣi ilé kan pè, ó ti kú, àfi kó padà síbi òkúta.

N kò tíì kọ apá tó kù yìí síbì kankan rí.

Lọ́dún tí mò ń wí yìí, pákó ilé wa bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ni Bàbá Sàfúrátù wá bá bàbá mi. Mo wà níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì, mò ń ṣa ẹ̀wà. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, pákó yín ti ń rọ̀ o." Bàbá mi ní, "Mo ti gbọ́. Ẹ jẹ́ ká wa iṣu tán." Kì í ṣe ọ̀lẹ. Igi tuntun náà ti wà lára ògiri, ó ti là á, ó ń dúró kó gbẹ. Iṣẹ́ oko ló gba ọwọ́ rẹ̀. Bí ọjọ́ ti ń lọ, èmi kì í tẹ pákó wa mọ́. Bí mo bá dé ibẹ̀, mo máa ń là á kọjá bí ẹni tó ń la ejò kọjá ni.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, omi ti kún dáadáa, èmi ni mo ní ká sáré. Sàfúrátù ní ṣé mo rò pé mo lè ṣáájú òun ni. A sáré. Mo fo tiwa. Òun tẹ̀ ẹ́. Pákó náà kò tilẹ̀ dún. Ó kàn là bí àkàrà tí a fi ọwọ́ bù, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan sì wọlé títí dé itan, bí ara rẹ̀ sì ṣe ṣubú síwájú, mo gbọ́ nígbà tí eegun dá. Kò sunkún. Ó di ọwọ́ mi mú, ó ní, "Má sọ fún bàbá mi pé à ń sáré o."

Bàbá tó ń to eegun ní Òkàká tọ́jú rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀, ṣùgbọ́n ojúgun náà jinná ní wíwọ́. Kí oòrùn ọjọ́ náà gan-an tó wọ̀ ni bàbá mi ti gbé igi náà lọ sí èbúté, ó sì kàn án mọ́lẹ̀ láìbá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà ló lọ dọ̀bálẹ̀ fún atúkọ̀ tó kéré sí i lọ́jọ́ orí. Ọkùnrin náà gbé e dìde, ó ní kádàrá ni. Nígbà tí a wa iṣu tán lọ́dún náà, ó kó ìyàwó àti ọmọ rẹ̀, ó padà sí Ṣakí lọ́dọ̀ àwọn ẹbí ìyá rẹ̀. Mo ti ilé ìwé dé, mo bá ilé wọn ní ṣíṣí, ewúrẹ́ méjì dùbúlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà bí ẹni pé àwọn ni onílé. A kò dágbére fúnra wa. Kò sí ẹni tó bi mí ní ohun tó ṣẹlẹ̀, n kò sì sọ ọ́.

Àwọn mìíràn tukọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Nígbà tó yá, wọ́n ṣe afárá ọkọ̀ sí òkè odò, ọ̀kadà dé, ẹnikẹ́ni kò sì nílò ọkọ̀ omi mọ́. Ilé tí àwọn ọmọ rẹ̀ bá ti kó lọ sí Ìbàdàn, pákó rẹ̀ a jẹrà, a já, àyè a ṣí sílẹ̀. Èbúté wa wá dà bí ẹnu arúgbó, eyín kan níhìn-ín, òmíràn lọ́hùn-ún. Síbẹ̀ àwọn ènìyàn ń lọ síbẹ̀ láti fọṣọ, àwọn ọmọdé ń jókòó lé e láti dẹ ìwọ̀ fún ẹja.

Lọ́dún yìí, obìnrin kan tó ń ta wàrà fẹ́ gba orí èbúté náà lọ bọ́jú. Pákó já lábẹ́ rẹ̀, ó ṣubú sínú omi tó dé àyà. Ọlọ́run yọ ọ́, igbá wàrà rẹ̀ nìkan ni omi gbé lọ. Kò pẹ́ tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba fi dé. Wọ́n fi ọ̀dà pupa fa ìlà sára àwọn òpó, wọ́n kan ìwé mọ́ igi àjàgbọn, wọ́n ní láàrin ọ̀sẹ̀ kan katapílà yóò wá, yóò ti òkúta àti òpó sínú odò, ọ̀rọ̀ yóò sì parí.

A pàdé ní ilé baálẹ̀. Ariwo ta. Àwọn ọ̀dọ́ ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan igi kan níbẹ̀, bí àwọn baba ńlá wa ṣe fi í sílẹ̀ ni kó wà. Àwọn kan ní kí ìjọba wó o, kí la fẹ́ fi igi jíjẹrà ṣe? Mo dìde. Orúnkún mi kì í fẹ́ kí n dìde lójijì, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà, kò bi mí.

Mo ní, "N kò gba tiyín, n kò sì gba ti ìjọba. Ẹ̀yin tí ẹ ní kó wà bó ṣe wà, ẹ kò tíì gbọ́ bí eegun ọmọdé ṣe ń dún bó bá dá. Mo ti gbọ́ ọ. Pákó ilé wa ló ṣe é." Mo wá sọ ohun tí mo ti sọ fún yín yìí, gbogbo rẹ̀. Mo ní, "Èbúté náà gbọ́dọ̀ di títì. Kò gbọ́dọ̀ pa ẹnikẹ́ni lára mọ́. Ṣùgbọ́n ọwọ́ tó kọ́ ọ ni yóò tì í. Ẹ jẹ́ kí kálukú lọ yọ pákó ilé rẹ̀, ká dí ẹnu rẹ̀, ká fi òkúta àti òpó sílẹ̀. Bí katapílà bá dé, kó bá iṣẹ́ tó ti parí."

Baálẹ̀, ọmọ ọmọ ẹni tí pákó rẹ̀ ń dún yẹn, wò mí títí. Ó ní, "Màmá, bí wọ́n bá wá bínú ńkọ́?" Mo ní kí wọ́n bínú. Mo ní inú ti ń bí èmi náà láti ìgbà tí mo ti rí ọ̀dà pupa yẹn lára igi ayìn.

Ọkùnrin kan tó ń ta ọkà ní Ṣakí ló bá mi wá nọ́ńbà fóònù ẹ̀gbọ́n ọkọ ọmọ Sàfúrátù. Láti ẹnu ẹni kan dé ẹnu ẹlòmíràn, mo gbọ́ ohùn rẹ̀. Ohùn náà ti wúwo. Ó ní, "Ta nìyẹn?" Mo ní, "Ọmọ ilé kọkànlá ni." Ó ní, "Èbúté yẹn ṣì wà?" Mo ní wọ́n fẹ́ wó o. Ó ní, "Àwọn ta?" Mo sọ fún un. Ó ní, "Mò ń bọ̀."

Ó sì wá. Ọkọ̀ já a sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́ṣáláṣí, obìnrin kúkúrú tó lọ́ gèlè funfun mọ́ orí, tó ń fi ọ̀pá rìn, ẹsẹ̀ òsì ń yà sẹ́gbẹ̀ẹ́. N kò mọ bí ó ṣe yẹ kí n kí i. Òun ló kọ́kọ́ ya ẹnu, ó ní, "O ti sanra o." Báyìí ni ogójì ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ ṣe tán láàrin wa.

Ọjọ́ mẹ́rin la fi ṣe iṣẹ́ náà. Kálukú yọ pákó ilé rẹ̀. Àwọn tí ilé wọn ti dahoro, káfíńtà wa bá wọn yọ tiwọn, àwọn ọmọ wọn sì ń wò ó lórí fóònù láti Ìbàdàn. Ọ̀kan nínú wọn, ọ̀gá ní ibi iṣẹ́ rẹ̀, ń sunkún bí ọmọdé. A ri igi ayìn tuntun sí ẹnu èbúté, a fi wáyà dì í, a fi òkúta mọ ògiri tó ga dé ìbàdí dí ọ̀nà, a sì fi ilẹ̀pa dí gbogbo ihò tó wà létí odò kí ẹsẹ̀ ọmọdé má baà rì síbẹ̀.

Nígbà tó kan pákó ilé wa, ó kọ̀ láti yọ. Bàbá mi ti gé e nípọn ju gbogbo wọn lọ, ìṣó rẹ̀ sì gùn bí ọwọ́. Ọkùnrin mẹ́ta ló bá a jà. Sàfúrátù jókòó lórí òkúta, ó ń wò wọ́n, ó bú sẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ̀rù ba bàbá rẹ lóòótọ́ nígbà tí wọ́n gé èyí." Ibẹ̀ ni mo ti sọ fún un. Mo ní, "Mo mọ̀ pé ó ti rọ̀. Mo mọ̀ ọ́n, mo sì ní ká sáré."

Ó yí ojú sí mi. Ó ní, "Èmi náà mọ̀. Ọmọ atúkọ̀ ni mí. Bàbá mi ti kìlọ̀ fún mi láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Àbí o rò pé ìwọ nìkan ni olóríkunkun ọmọ ní abúlé yìí ni?"

Mo ní kí ló wá dé tí wọ́n fi lọ. Ó ní, "Bàbá mi kò lè wo omi yẹn mọ́ láìgbọ́ igbe mi. Èmi ò sì ké rárá. Kò sí ọwọ́ ilé yín níbẹ̀." Gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, mo ti ń gbé ẹrù tí kò sí ẹni tó dì í fún mi. Mo kàn di ọwọ́ rẹ̀ mú.

Katapílà dé ní ọjọ́ kejì tí a parí. Ọ̀gá tó tẹ̀lé e jẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin, akoto ike lórí rẹ̀, ìwé lọ́wọ́ rẹ̀. Ó bá àwa obìnrin bíi ogún lórí òkúta, àwọn ọkùnrin dúró lẹ́yìn wa. Ó kí wa dáadáa, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́. Ó ní, "Ẹ̀yin màmá, ẹ dákun, ẹ dìde. Ibẹ̀ yẹn léwu."

Mo ní, "Ọmọ mi, wá fi ewu náà hàn wá."

Ó wá. Ó fi ẹsẹ̀ gbá ògiri, ó di igi ayìn mú ó mì ín, ó wo orí odò: pákó kan kò sí níbẹ̀ mọ́, àfi òpó. Ó yẹ ìwé rẹ̀ wò. Ó ní, "Màmá, ìwé tó wà lọ́wọ́ mi ní kí n wó o. Ó ní ìjàǹbá ti ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ tipẹ́."

Sàfúrátù fi ọ̀pá rẹ̀ lé ilẹ̀, ó dìde, ó ká ìró rẹ̀ sókè dé abẹ́ orúnkún. Gbogbo wa rí ojúgun náà, bó ṣe wọ́ bí ẹ̀ka igi òrí. Ó ní, "Èmi ni ìjàǹbá náà. Èmi ni mo kọ́kọ́ ṣẹlẹ̀ níbẹ̀. Bó bá jẹ́ pé nítorí mi lẹ ṣe fẹ́ wó o, mo wà láàyè, mi ò rán yín níṣẹ́. Àwọn wọ̀nyí ti tì í. Bàbá mi dúró lórí òkúta yìí kí wọ́n tó bí bàbá tìrẹ. Ní kí katapílà rẹ máa bọ̀. Mi ò lè sáré. Ẹ̀yin náà rí ẹsẹ̀ mi."

Ẹni tó ń wa katapílà ló kọ́kọ́ pa á. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà bọ́ akoto rẹ̀, ó nu ojú, ó fi fóònù ya àwòrán ògiri, igi, òpó àti òkúta. Ó ní òun yóò lọ kọ ohun tí òun rí. Ó sì kọ ọ́ lóòótọ́, nítorí lẹ́yìn ìgbà náà, ìwé mìíràn dé pé kí òkúta àti òpó wà, kí ẹnu ọ̀nà wà ní títì, kí ará abúlé sì máa yẹ̀ ẹ́ wò lọ́dọọdún kí òjò tó dé. Baálẹ̀ ka ìwé náà sókè, àwa àgbà sì wo ara wa. Ìjọba ń kọ́ wa ní ohun tí àwọn ìyá wa ń ṣe kí ọ́fíìsì wọn tó ní ilẹ̀kùn.

Sàfúrátù ti padà sí Ṣakí. Ó máa ń pè mí bí wọ́n bá kírun Jímọ́ọ̀ tán, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò sì dín kù.

Ọ̀pọ̀ nǹkan ti yí padà, n kò ní purọ́ fún yín. Kò sí ọkọ̀ lórí omi wa mọ́, kò sì sí ọmọ tó lè fi àtẹ́lẹsẹ̀ dárúkọ ilé. Àwọn tó ń gba orí afárá kọjá lórí ọ̀kadà kì í tilẹ̀ yíjú wo omi. Mo gbà. Ohun tó bá gbó, tó lè pani lára, kí a tì í, kí a má sì tìjú láti tì í. Ṣùgbọ́n títì kì í ṣe jíjù nù. Bí ẹnikẹ́ni bá wá sọ fún yín pé ohun tí àwọn yín kọ́ kò wúlò mọ́, pé kí ẹ yàgò kí wọ́n tì í sínú odò, ẹ kọ́kọ́ bi í pé pákó wo ni tirẹ̀ níbẹ̀.

Ayìn wọ̀nyẹn ṣì dúró nínú omi, méjì méjì, bí wọ́n ṣe ri wọ́n. Bí katapílà bá tún padà wá, yóò bá wa lórí òkúta. Bí kò bá bá àwa mọ́, ẹ jẹ́ kó bá ẹ̀yin.